Ewé Tòmátì Tó Ń Kákò: Ìbéèrè Àwọn Àgbẹ̀ Kétu Lórí Kòkòrò Funfun

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú ní Kétu ní ilẹ̀ Benin, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ìbéèrè kan náà ni àwọn àgbẹ̀ tòmátì máa ń gbé wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń dáko lẹ́bàá odò Ọ̀kpárá ní Ṣábẹ, àti àwọn tó ń ṣe àkùrọ̀ ní agbègbè Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ewé ń kákò, igi ò ga mọ́, òdòdó ń já bọ́ kó tó so. A ti kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí. Ẹni tí kò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀ kó ṣáà ka èyí tó dá lórí ebè ọmọ tòmátì, nítorí ibẹ̀ ni oko ti ń yè tàbí tó ti ń bàjẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àrùn yìí ló wà lára tòmátì mi?

Orí igi ni kí ẹ wò, ẹ má wo ìdí. Ewé tuntun tó ń yọ lókè á kéré ju bó ṣe yẹ lọ, etí rẹ̀ á ká sókè bíi ṣíbí, á sì pọ́n bí ìyeyè láti etí wọnú, nígbà tí iṣan àárín ewé ṣì tutù. Àárín ewé kan sí èkejì lára igi á kúrú, gbogbo orí á wá ṣù pọ̀. Òdòdó á yọ, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ á rẹ̀ dànù. Bí àrùn náà bá mú igi ní kékeré, ràrá ló máa dà, ó sì lè má so ẹyọ èso kan.

Ohun kan tún wà tí ojú máa ń rí: kì í mú gbogbo oko lẹ́ẹ̀kan náà. Igi kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, pàápàá jù lọ ní etí oko. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló wá ń tàn wọ àárín.

Kí ló ń gbé e wá?

Kòkòrò funfun kékeré kan tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 1 mm lọ. Bemisia tabaci ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ẹ jí lọ sóko ní àárọ̀, kí ẹ fọwọ́ gbọn igi tòmátì kan díẹ̀: bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí i tí ohun funfun wínníwínní máa fò dìde, tí á sì tún padà bà sí ẹ̀yìn ewé láìpẹ́. Ẹ wá rọra yí ewé náà padà. Èyí tó ti hu ìyẹ́ á káwọ́ ìyẹ́ rẹ̀ sórí ara bí òrùlé ilé, funfun báláú bí ẹni pé wọ́n fi àtíkè kùn ún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí àwọn ohun pẹlẹbẹ kan tó lẹ̀ mọ́ ewé, tí kò mira, tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dàbí ti ewé. Ọmọ rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò tíì fojú kan ọmọ yìí rí, bẹ́ẹ̀ òun náà ń fa oje ewé tọ̀sán-tòru.

Kòkòrò yìí nìkan kọ́ ni ìṣòro. Fáírọ́ọ̀sì tó gbé sínú ni. Bí ó bá ti fa oje igi tó ní àrùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 30, ó ti kó o nìyẹn. Fáírọ́ọ̀sì náà á gba ikùn rẹ̀ kọjá wọ inú ara, á sì padà sínú itọ́ ẹnu rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan. Látìgbà náà títí tó fi máa kú, igi tòmátì tó bá fẹnu kàn fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ lè kó àrùn. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ẹ ó tó rí i lára ewé. Ìyẹn ni pé àrùn tí ẹ rí lónìí, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló ti wọlé.

Ṣé fáírọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni?

Rárá. Ìdílé ńlá ni. Èyí tí ayé mọ̀ jù ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ ní TYLCV (ìkékúrú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí fáírọ́ọ̀sì tó ń mú ewé tòmátì pọ́n kó sì kákò), tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ní àfonífojì odò Jọ́dánì ní òpin àwọn ọdún 1930. Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn ìbátan rẹ̀ wà tí wọ́n fi orúkọ ibi tí wọ́n ti rí wọn pè, bí èyí tí wọ́n fi Mali pè àti èyí tí wọ́n fi Kumasi ní Ghana pè. Nígbà míì méjì lè wà lára igi kan ṣoṣo. Fún àgbẹ̀, ọ̀nà ìdènà wọn kò yàtọ̀.

Ẹnì kan sọ fún mi pé ebi ajílẹ̀ ló ń pa tòmátì mi. Ṣé òótọ́ ni?

Ó lè jẹ́ òótọ́, torí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó náwó. Igi tí ebi ajílẹ̀ ń pa, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń pọ́n, ewé òkè á ṣì máa tutù díẹ̀, kò sì ní kákò. Nígbà tí oòrùn bá mú jù tí omi sì dín, ewé tó ti gbó lè ká sókè, ṣùgbọ́n á ṣì tutù yọ̀yọ̀, òdòdó á sì máa so. Àwọn kòkòrò míì tí ojú lásán kò rí dáadáa tún wà tó máa ń jẹ́ kí ewé tuntun ká sísàlẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa dán bí idẹ. Oògùn tiwọn yàtọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé igi náà ń rọ lójijì lọ́sàn-án tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, ẹ gé igi náà nísàlẹ̀, kí ẹ fi ibi tí ẹ gé sínú ife omi tó mọ́ gaara. Bí ohun kan tó dàbí wàrà bá ń ṣàn jáde bí òwú tín-ín-rín láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, bakitéríà inú ilẹ̀ nìyẹn. Kò kan kòkòrò funfun rárá.

Èyí tó tún máa ń dàrú mọ́ ọn ni fáírọ́ọ̀sì kejì tí kòkòrò funfun yìí kan náà ń gbé, tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ToCV. Ti èyí, àárín iṣan ewé ìsàlẹ̀ ló máa ń pọ́n, ewé á sì le, á máa dá kẹ́kẹ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ewé tuntun orí igi kì í kákò bíi ṣíbí. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni kòkòrò fi ń gbé òun kiri kó tó tán lẹ́nu rẹ̀. Kì í sáábà pa igi, ṣùgbọ́n èso á kéré, á sì pẹ́ kó tó pọ́n.

Oògùn wo ni mo lè fín tí ewé tó ti kákò á fi là padà?

Kò sí. Ẹni tó bá tà á fún yín pé oògùn tòun ń wo fáírọ́ọ̀sì ewé tòmátì ń gba owó yín lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Igi tó bá ti kó o, ó ti kó o títí ayé rẹ̀. Ajílẹ̀ tí ẹ bá dà sí i kò ní wò ó, kódà bí ajílẹ̀ onínàítírójìn bá pọ̀ jù, ewé á rọ̀, á sì tutù, kòkòrò náà á túbọ̀ fẹ́ràn rẹ̀.

Mò ń fín oògùn apakòkòrò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kòkòrò náà kò sì lọ. Kí ló fà á?

Ohun mẹ́ta ló fà á, wọ́n sì so mọ́ra.

Àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ewé ló ń gbé, òkè ewé ni ẹ sì ń fín. Oògùn tí kò bá kan ẹ̀yìn ewé, ilẹ̀ lẹ ń fi rin.

Èkejì, kòkòrò yìí ti mọ àwọn oògùn náà lójú. Nínú ooru wa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ẹyin rẹ̀ fi ń di àgbà, abo kan sì lè yé ju ọgọ́rùn-ún ẹyin lọ. Ẹ fín oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, àwọn tó le nínú wọn nìkan ló máa kù, àwọn ni yóò sì bí èyí tó kàn. Lambda-cyhalothrin àti cypermethrin, tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìgò tí wọ́n ń tà lọ́jà wa, wà lára àwọn tó ti mọ́ ọn lára ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń dùn wá jù: oògùn òwú. Ní apá Ṣábẹ àti lókè rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbin òwú, àwọn kan máa ń mú èyí tó ṣẹ́ kù nínú oògùn òwú wá fín tòmátì àti ẹ̀fọ́. Òwú, aṣọ la fi ń ṣe; tòmátì, ọbẹ̀ ni. Oògùn tí wọ́n ṣe fún òwú kò ní ìwọ̀n fún ohun tí ọmọdé máa jẹ lọ́jọ́ kẹta sí i. Ó tún ń pa agbọ́n kéékèèké àti àwọn kòkòrò míì tó ń bá wa jẹ ọmọ kòkòrò funfun, nítorí náà lẹ́yìn tí ẹ bá fín in tán, àwọn ọ̀tá yín á tún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Bí ẹ bá máa ra oògùn, ẹ béèrè èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún tòmátì, kí ẹ má lo irú kan náà léraléra, kí ẹ sì ka ibi tí wọ́n kọ «délai avant récolte» sí lára ìgò. Iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó ká èso nìyẹn. Bí ẹ kò bá mọ̀wé kà, ẹ fún ọmọ ilé-ìwé ní ìgò náà kó kà á fún yín.

Tí kò bá sí ìwòsàn, kí wá ni mo lè ṣe?

Ọmọ tòmátì ni kí ẹ dáàbò bò. Igi tí àrùn mú nínú ebè tàbí láàárín oṣù kan tí ẹ ṣí i gbìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má so nǹkan kan. Èyí tí àrùn mú lẹ́yìn tó ti so èso jọ á ṣì fún yín ní púpọ̀ nínú ohun tó yẹ kó fún yín. Nítorí náà, gbogbo ìjà yìí, ìjà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ebè ọmọ tòmátì sí ni kò dára. Ẹ̀gbẹ́ kànga ni, nítorí omi wà nítòsí, níbi tí tòmátì àtijọ́, ata àti ilá ti wà yí ká. Kòkòrò kàn máa sọdá ni. Ẹ gbé ebè jìnnà sí oko tó ti gbó, kódà bí ẹ ó tilẹ̀ máa ru omi díẹ̀ sí i. Ẹ tún wo atẹ́gùn: ọyẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá, kòkòrò yìí kò sì lágbára láti fò kọ ojú sí i. Bí ebè àti oko tuntun bá wà ní apá ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, èyí tó ti gbó kò ní máa da kòkòrò sí i lórí.

Lẹ́yìn náà ni àwọ̀n. Ẹ ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí wáyà líle tí ẹ tẹ̀ kọdọrọ sí ẹ̀gbẹ́ ebè méjèèjì, kí ẹ na àwọ̀n bò ó ní ọjọ́ tí ẹ bá da irúgbìn gan-an, kó tó hù. Ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yí ká. Etí tó bá ṣí sílẹ̀ níwọ̀n ìka kan ti bà á jẹ́. Ẹ bomi rin láti orí àwọ̀n náà, ẹ má ṣí i. Ẹ fi í síbẹ̀ títí di ọjọ́ tí ẹ máa ṣí wọn gbìn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí ẹ bá fẹ́ kí ara wọn le kí wọ́n tó dé oko, omi ni kí ẹ dín kù; ẹ má yọ àwọ̀n.

Ní ọjọ́ tí ẹ da irúgbìn sínú ebè, ẹ gbin àgbàdo yí ilẹ̀ tí tòmátì máa wà ká, ìlà méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí ọmọ tòmátì bá fi máa dé ibẹ̀, àgbàdo á ti ga tó láti dí àwọn kòkòrò funfun lójú ọ̀nà. Kò ní dá gbogbo wọn dúró, ṣùgbọ́n ó ń dín wọn kù, ẹ ó sì jẹ àgbàdo náà.

Ṣé àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n pín fún wa tó?

Kò tó. Ihò àwọ̀n ẹ̀fọn fẹ̀ ju 1 mm lọ, kòkòrò funfun kò sì tó bẹ́ẹ̀ ní ìbú. Wọlé-jáde ló máa ṣe. Àwọ̀n tí ẹ nílò ni èyí tí wọ́n ń pè ní 50 mesh, tí ihò rẹ̀ fi ìbú kan mọ ní nǹkan bíi 0.3 mm. Ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ebè kékeré kan ló máa bò, ẹ sì lè lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́ tí ẹ ń ká a pamọ́. Àwọn àgbẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè pawọ́ pọ̀ rà á, kí wọ́n sì jọ dá ebè kan ṣoṣo. Àwọ̀n ẹ̀fọn yín, ẹ fi sun, ibà wà níta.

Àti èso igi nímù ńkọ́?

Ó wúlò, bí ẹ bá mọ ohun tó lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe. Kì í pa àgbà kòkòrò náà lójú ẹsẹ̀; ó ń dí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kó má lè dàgbà, ó sì ń jẹ́ kí ewé korò lẹ́nu wọn. Ẹ gún 500 g kóró èso nímù gbígbẹ, èyí tí àwọn kan ń pè ní dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 10 mọ́jú, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, torí oòrùn ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yìn ewé, ẹ má gbàgbé. Ẹ tún un ṣe ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Kẹ́ẹ̀gì òróró aláwọ̀ ìyeyè tí mo rí lórí igi nínú oko àwọn kan, kí ni iṣẹ́ rẹ̀?

Kòkòrò funfun fẹ́ràn àwọ̀ yẹn. Wọ́n ń gé kẹ́ẹ̀gì náà, wọ́n á fi gírísì kùn ún, wọ́n á gbé e kọ́ sí ìwọ̀n gíga tòmátì. Kòkòrò á bà lé e, á lẹ̀ mọ́ ọn. Kò lè gba oko là fúnra rẹ̀, àmọ́ ẹ fi máa ṣọ́nà: ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé wọ́n ti ń lẹ̀ mọ́ ọn ni kí ẹ mọ̀ pé wọ́n ti dé.

Ṣé kí n fa igi tó ti kó àrùn tu?

Bí kò bá tíì pé oṣù kan tí ẹ gbìn ín sóko, bẹ́ẹ̀ ni, kíákíá. Ẹ ṣe é ní òwúrọ̀ kùtù nígbà tí òtútù ṣì ń mú kòkòrò náà. Ẹ fi àpò ọ̀rá bo igi náà lórí kí ẹ tó fà á, torí bí ẹ bá kàn fà á tu, gbogbo kòkòrò tó wà lára rẹ̀ ni yóò fò sára èyí tó kàn, pẹ̀lú fáírọ́ọ̀sì lẹ́nu. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ tàbí kí ẹ sun ún. Bí igi bá ti so èso jọ, tí kò sì sí tòmátì kékeré nítòsí, ẹ lè jẹ́ kó wà títí ẹ ó fi ká a.

Mo ṣe gbogbo èyí, ṣùgbọ́n aládùúgbò mi kò ṣe é. Ǹjẹ́ kì í ṣe àsán?

Kì í ṣe àsán, ṣùgbọ́n apá kan iṣẹ́ náà kò sí lọ́wọ́ yín nìkan. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn: a ti ká èso ńlá, owó ti wọlé, a wá fi igi náà sílẹ̀ lóko nítorí èso wẹ́wẹ́ mélòó kan tí àwọn ọmọ lè ká. Igi yẹn kún fún àrùn láti orí dé ìdí. Ọmọ tòmátì ẹlòmíràn ti wà nínú ebè ní ilẹ̀ kejì. Afárá ni a tẹ́ fún kòkòrò náà láti oko àtijọ́ sí oko tuntun, kò sì sí oògùn kan tó lè dí i.

Ní Mali, lẹ́yìn ọdún 2000, àwọn àgbẹ̀ ní àwọn agbègbè kan fohùn ṣọ̀kan pé fún oṣù méjì lọ́dún, kò ní sí tòmátì tàbí ata lóko ẹnikẹ́ni. Ní Dominican Republic, níbi tí TYLCV ti wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 tó sì ba tòmátì tí wọ́n ń gbìn fún ilé-iṣẹ́ jẹ́ gidi, ìjọba ló fi òfin dá àwọn ohun ọ̀gbìn tí kòkòrò náà ń gbé lára rẹ̀ dúró fún oṣù mẹ́ta lọ́dọọdún, tòmátì wọn sì padà sọjí. Ìdí rẹ̀ ni pé kòkòrò tí kò bá rí igi àrùn fa kì í bí ọmọ tó ti ní fáírọ́ọ̀sì tó lè ba oko jẹ́. Láti ara igi ló ti ń kó o.

Láàárín wa, baálẹ̀ tàbí olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ lè pe ìpàdé lórí rẹ̀. Ẹ má retí pé kí gbogbo ìlú gbà lọ́dún àkọ́kọ́. Bí àwọn tó ń lo odò tàbí àkùrọ̀ kan náà bá fẹnu kò pé ọ̀sẹ̀ tí ìkórè bá ti parí ni kí oníkálukú fa tirẹ̀ tu, èyí ti ṣe ohun tí ọgọ́rùn-ún ìgò oògùn kò lè ṣe.

Irúgbìn tí kò ń kó àrùn, ṣé ó wà?

Ó wà, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Láti ara tòmátì ìgbẹ́ ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn onímọ̀ ti mú agbára ìdènà wá, èyí tí wọ́n sọ ní Ty-1, Ty-2, Ty-3 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lára páálí tàbí agolo irúgbìn, ẹ wá àwọn lẹ́tà TYLCV. Bí wọ́n bá kọ IR sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó túmọ̀ sí pé igi náà lè kó fáírọ́ọ̀sì ṣùgbọ́n á ṣì so dáadáa, bí kòkòrò kò bá pọ̀ jù. Torí náà, ó ṣì nílò àwọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ gbin díẹ̀ lára rẹ̀ wò, torí fáírọ́ọ̀sì ti agbègbè wa lè má jẹ́ èyí tí wọ́n fi dán irúgbìn náà wò.

Púpọ̀ wọn ni F1, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n mú jáde láti ara òbí méjì tó yàtọ̀. Bí ẹ bá tọ́jú kóró èso rẹ̀ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn igi náà kò ní bára wọn dọ́gba mọ́, àwọn míì kò sì ní lè dènà àrùn. Ní Àjàṣẹ́, Songhaï, ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ouando, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985, jẹ́ ibi tí èèyàn ti lè lọ wo oko kó sì béèrè ọ̀rọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ATDA (àjọ ìjọba fún ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ní agbègbè) àti INRAB (ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Benin) náà, iṣẹ́ wọn ni láti dá yín lóhùn.

Ṣé ó ń gba inú kóró, ọ̀bẹ tàbí ọwọ́ ràn?

Ọwọ́ àti ọ̀bẹ, rárá. Kóró kì í ṣe ọ̀nà tó ń gbà ràn lóko wa. Ọmọ tòmátì tí ẹ rà lọ́jà, tó ti kó o láti ibi tí wọ́n ti hù ú, ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ẹ̀gẹ́ mi náà ní àmì ìyeyè lára ewé. Ṣé òun ló ń ran tòmátì?

Kòkòrò funfun náà ló ń gbé àrùn ewé ẹ̀gẹ́, fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ sì jẹ́ ìbátan ti tòmátì. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀gẹ́ kì í mú tòmátì, ti tòmátì kì í sì í mú ẹ̀gẹ́. Ata ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ó lè ní fáírọ́ọ̀sì tòmátì lára kí ewé rẹ̀ má fi hàn. Ẹ tún máa ro imí-eṣú àti àwọn koríko míì tó yí ebè ká, kòkòrò náà máa ń sá sí wọn nígbà tí kò bá sí tòmátì.

Ṣé kò ní dára kí n kàn gbin tòmátì nígbà òjò?

Òjò ńlá máa ń gbá kòkòrò funfun lọ, òótọ́ ni, wọn kì í pọ̀ nígbà náà. Àmọ́ àrùn tó ń mú igi rọ àti èyí tó ń mú ewé àti èso rà wá pọ̀, owó tòmátì sì máa ń lọ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn lowó wà, ìyẹn la fi ń sọ̀rọ̀ àwọ̀n.

Ṣé èèyàn lè jẹ èso igi tó ní àrùn yìí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Fáírọ́ọ̀sì ewéko ni, kì í mú èèyàn. Oògùn tí wọ́n fín sí i ni kí ẹ bi ẹni tó tà á léèrè.

Oko mi ti bàjẹ́ tán. Kí ni mo lè gbìn síbẹ̀?

Ẹ fa gbogbo igi tòmátì tu ná, àti èyí tó hù fúnra rẹ̀. Ẹ má gbin ata, ìgbá, ilá tàbí tòmátì míì tẹ̀ lé e. Àgbàdo tàbí àlùbọ́sà ló dára, kòkòrò funfun kì í gbé lára wọn. Fáírọ́ọ̀sì yìí kì í gbé inú ilẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ náà kò bàjẹ́: bí oṣù méjì bá ti kọjá tí kò sí tòmátì tàbí ata níbẹ̀ àti ní àyíká rẹ̀, ẹ lè da irúgbìn mìíràn sínú ebè, lábẹ́ àwọ̀n.